Sípíkà Ńlá Méjì, Yàrá Kékeré Kan

Ọkùnrin náà wọlé láì kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró sí agbedeméjì ìsọ̀, láàárín àwọn aṣọ tó rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: pá! Ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìẹ tó gbọ́ ìró àṣá, ó ń tẹ́tí. Ó tún pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rín músẹ́ wá bọ́ sí i lẹ́nu, bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá láti ọdún tó kọjá.

Obìnrin tó ni ìsọ̀ náà wà lẹ́yìn máṣíìnì, ó fi eyín di píìnì mẹ́rin mú. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Kọ́tìnnì ló ń rán, ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn nídìí iṣẹ́ náà, àwọn oníbàárà sì sọ ọ́ ní Alárán, nítorí kò sẹ́ni tó mọ àrán í rán bíi tirẹ̀ ní gbogbo òpópónà yẹn. Ó ti rí oníbàárà tó fi kọ́tìnnì nu ọwọ́. Ó ti rí èyí tó sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì nítorí ìyá ìyàwó rẹ̀ ń kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún kọ́tìnnì, èyí ni àkọ́kọ́.

Àǹtí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àbúrò ìyá Alárán ni, òun ló ń lo máṣíìnì kejì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé adìẹ lẹ ń lé ni?"

Ojú ti ọkùnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mà. Ẹ káàárọ̀ o. Ohùn ni mò ń wò."

"Ojú wo lẹ fi ń wo ohùn?"

"Etí ni, mà. Tí mo bá pàtẹ́wọ́ nínú yàrá mi, ẹyọ kan á di mẹ́ta. Ògiri yìí á gbà á, á sọ ọ́ sí tọ̀hún, tọ̀hún á dá a padà. Ṣùgbọ́n níbí, ẹ̀ẹ̀kan ni mo pa á, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbọ́ ọ. Aṣọ yín ti gbé ìyókù mì."

Alárán yọ píìnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò. Èékánná rẹ̀ gé mọ́lẹ̀, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun wà nínú àwọn ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, iná sì ti jó orí àtàǹpàkò rẹ̀ níbi kékeré méjì. Ó rò pé búrẹ́dì ló ń ṣe.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Eyín ni mò ń ṣe. Eyín àtọwọ́dá. Àwọn dókítà eyín ló máa ń gbé e wá fún mi."

Ìgbà yẹn ni Àǹtí, tí ẹ̀rín ti fẹ́ pa, pa ẹnu dé wàì. Eyín ọ̀tún kan ti yọ lẹ́nu rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa eyín rí àlàfo rẹ̀.

Ọkùnrin náà ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní sípíkà méjì tó ga dé àyà òun, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe, tí igi ara rẹ̀ ń dán bí ojú omi. Ọdún mẹ́jọ lòun fi tu owó jọ kí òun tó rà wọ́n. Ní gbọ̀ngàn tí òun ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn, ńṣe ló dà bíi pé olórin náà dúró síwájú òun, tí òun lè nawọ́ kí òun fọwọ́ kàn án. Òun gbé wọn délé tán, olórin kan náà wá ń kọrin bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò. Béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ orin, ń kún inú yàrá bí omi tó ya wọlé.

"Báwo ni yàrá yín ṣe tóbi tó?" ni Alárán bi í.

"Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá àti ààbọ̀ níbùú, mọ́kànlá lóòró."

Alárán wò ó. Àǹtí náà wò ó.

"Sípíkà tó ga dé àyà," ni Alárán wí, "nínú ibi tí èèyàn kò ti lè na ẹsẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ra ẹṣin, ẹ wá so ó mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi lé lójú rẹ̀. Àwọn míì ti fi sípíkà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí. Ó ní kí wọ́n gé aṣọ tó nípọn jù lọ fún òun.

"Èmi kì í gé aṣọ fún ògiri tí mi ò rí," ni Alárán dá a lóhùn. "Ẹ kọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀."

Kò tíì rìn jìnnà tí Àǹtí fi sọ ọ́ ní Eléyín. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Àjà kẹta ni yàrá náà wà, ní ilé kan tí irin àtẹ̀gùn rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ àwọn tó ń gbé níbẹ̀. Alárán àti Àǹtí jọ lọ, nítorí Àǹtí ní òun kò lè jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lọ dá wo ẹṣin.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò pọ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì ni Eléyín ń sùn lórí rẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́ á gbé e nàró ti ògiri. Ìwé wà ní ìpele mẹ́ta. Àga kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá. Sípíkà méjèèjì wà ní igun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí ògiri bí àna méjì tó ń bínú síra wọn.

Ó ní kí Alárán jókòó sórí àga, ó sì fi orin sí i. Obìnrin kan ló ń kọrin, pẹ̀lú gìtá àti béèsì. Alárán gbọ́ ọ títí, ó pa ojú dé.

"Ẹ̀yìn wọn fún mọ́ ògiri jù," ló wí nígbà tí orin tán. "Kọ́tìnnì tí a bá fà mọ́ fèrèsé kì í rọ̀ dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ ní àyè lẹ́yìn."

"Ohun tí ìwé ń sọ nìyẹn. Tí mo bá fà wọ́n síwájú ńkọ́, níbo ni mo máa sùn sí?"

"Èwo lẹ rà, sípíkà ni àbí oorun?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fà wọ́n síwájú, ìka mẹ́rin mẹ́rin. Tí wọ́n bá fà á tán, Alárán á fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ rẹ̀ sàmì sílẹ̀, Eléyín á fi orin náà sí i, wọ́n á sì tún gbọ́. Nígbà tó fi máa di ìgbà keje, olórin náà ti yọ orí kúrò nínú ìkòkò, ó kù kó yọ èjìká.

Ó wá kan ẹ̀gbẹ́ ògiri. Eléyín ṣàlàyé pé ohùn kì í lọ tààrà sí etí nìkan, ó tún máa ń ta lu ògiri kó tó wá, ìyẹn ló sì ń da orin rú. Láti mọ ibi tó ti ń ta, ẹnì kan á jókòó sórí àga, ẹnì kejì á máa fa jígí lọ lára ògiri. Ibi tí ẹni tó jókòó bá ti rí sípíkà nínú jígí, ibẹ̀ ni kí wọ́n so aṣọ sí.

Alárán mú jígí, Eléyín jókòó.

"Ṣé ẹ ti rí i?"

"Rárá."

Ó sún un díẹ̀. "Báyìí ńkọ́?"

"Rárá."

Ó tún sún un. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bojú wo inú jígí náà fúnra rẹ̀, ojú ọkùnrin náà ló bá níbẹ̀, ó ń wò ó láìṣẹ́jú.

"Sípíkà ni mo ní kẹ́ ẹ máa wò," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ rí i?"

"Mi ò tíì wá a."

Àǹtí, tó wà lójú fèrèsé, wúkọ́. "Ẹ jẹ́ kí jígí yẹn sún síwájú o. Ó ti fẹ́ máa gbóná."

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ni iṣẹ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Alárán fi ṣe é. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Eléyín á wá yan àwọ̀. Ọjọ́bọ̀, á wá béèrè nípa aṣọ tí wọ́n ń fi sínú. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò ní ní ìbéèrè kankan, á kàn wá. Ó wọn ẹnu Àǹtí lọ́jọ́ kan, ó sì ṣe eyín kan fún un tó dọ́gba pẹ̀lú àwọn tirẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ èwo ni àjèjì. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí kò tún wúkọ́ mọ́.

Kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí "ẹ" di "o" láàárín àwọn méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, Alárán kàn ké láti ẹ̀yìn máṣíìnì pé, "Eléyín mi, o ti jókòó lé ṣọ́ọ̀kì," kò sì sẹ́ni tó ní kó tún un sọ.

Kì í ṣe pé Alárán kò rí ọkọ fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin méjì ti wá. Ọ̀kan béèrè ibi tí bàbá Alárán máa lọ gbé tí wọ́n bá ṣègbéyàwó. Èkejì kò béèrè rárá, ìyẹn ló sì dun Alárán jù.

Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ilé ìlagi, nídìí ayùn ńlá. Ariwo ayùn ti jẹ etí rẹ̀. Ohùn tó rinlẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún un, àwọn tínrín ti lọ. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé, lẹ́yìn náà ohùn ìyàwó rẹ̀ ní ọdún tí obìnrin náà lò kẹ́yìn láyé. Ó wá kan ohùn ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá àti ọmọ ti ń dá gbé, igbe ni wọ́n sì fi ń gbé pọ̀. Bí Alárán bá ní kó wá jẹun, òpópónà mẹ́ta á gbọ́. Bó bá ní kó lo oògùn, àwọn aládùúgbò á mọ iye hóró tó lò. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ tó pọn dandan nìkan ló kù tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ. Ta ni í fi igbe sọ ọ̀rọ̀ ìkẹ́?

Kò tíì sọ fún un nípa Eléyín. Ó ń wá bí òun ṣe máa pariwo rẹ̀.

Aládùúgbò kan tó mọ ilé Eléyín ló bá a sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí àwọn kọ́tìnnì kò tíì gòkè, Alárán àti Eléyín ń wá ọ̀nà sí ọ̀rọ̀ béèsì. Béèsì kì í dọ́gba nínú yàrá kékeré. Ó ń gbá jọ sí igun kan, ó ń sá kúrò ní òmíràn. Ọgbọ́n tí Eléyín rí kà ni pé kí wọ́n gbé sípíkà kan sí ibi tí àga wà, kí wọ́n wá máa rákòrò kiri ilẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ibi tí béèsì ti ṣe gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé sípíkà sí. Àǹtí ti lọ gba afẹ́fẹ́ lórí àtẹ̀gùn, oorun sì gbé e lọ níbẹ̀.

Báyìí ni bàbá arúgbó náà ṣe fi ìbínú gun àjà mẹ́ta, tó ré kọjá Àǹtí tó ń hanrun, tó ti ilẹ̀kùn, tó sì bá ọmọ rẹ̀ àti ọkùnrin tí kò mọ̀ rí lórí orúnkún àti ọwọ́, wọ́n da etí kọ ilẹ̀, wọ́n kọjú síra wọn bí àgbò méjì.

"Kí ni ẹ sọ nù?" ni bàbá náà ké mọ́ wọn.

Eléyín fò dìde, ó fi orí gbá sípíkà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, béèsì ni!"

"Ta ni bẹ́ẹ̀sì?"

"Ohùn ìsàlẹ̀, Bàbá! À ń wá ohùn ìsàlẹ̀!"

Bí wọ́n ṣe ń pariwo tó ni ògiri òfìfo ń dá a padà tó. Ọ̀rọ̀ di gbohùngbohùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá náà kò sì gbọ́ ju ariwo lọ. Ó wo sípíkà. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀kan, ó mọ igi, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń lò ó fún. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ayùn lọkùnrin yìí tún gbé wá sílé," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Ariwo ló jẹ etí mi. Kò ní jẹ tìẹ."

Alárán tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé ó gbà. Ṣùgbọ́n láti bá bàbá rẹ̀ jiyàn, ó di dandan kó ké, gbogbo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ló sì ti ṣí ilẹ̀kùn.

Kò padà lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó parí àwọn kọ́tìnnì náà, ó fi òwú tó nípọn sínú wọn, ó rán Àǹtí lọ bá Eléyín so wọ́n. Àǹtí padà wá pẹ̀lú èsì.

"Ó ní aṣọ náà dára."

"Aṣọ nìkan?"

"Ohun tó ní kí n sọ nìyẹn. Ojú rẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú kọ́ lo rán mi sí."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ṣe bíi pé kò sí nǹkan kan. Eléyín ń ṣe eyín rẹ̀. Alárán ń rán aṣọ rẹ̀, ó sì tú kọ́tìnnì ilé ìwé kan rán lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó rán ojú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta kan, Àǹtí sáré wọ ìsọ̀. "Ó ń ta sípíkà."

"Ta ló ń ta kí ni?"

"Eléyín. Ẹni tó fẹ́ rà wọ́n ti wà níbẹ̀ báyìí, ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù dání."

Alárán dìde láìpa máṣíìnì, téèpù rẹ̀ wà lọ́rùn. Bàbá rẹ̀, tó máa ń jókòó níwájú ìsọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, rí i tó kọjá bí ìjì. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó rí ojú ọmọ rẹ̀ nìkan, ìyẹn sì tó. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Alárán dé ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin sísanra kan tó wọ bàtà olówó gọbọi wà lórí àga, orin sì ń lọ. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Alárán máa gbọ́ yàrá náà lẹ́yìn tí aṣọ rẹ̀ ti gòkè. Ó gbàgbé ohun tó bá wá. Olórin obìnrin náà kò sí nínú sípíkà kankan. Ó dúró láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí kò sí nǹkan kan, ó mí kó tó kọrin, Alárán sì gbọ́ èémí náà. Béèsì ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Orin tán. Alárán wọlé.

"Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe títà."

Ọkùnrin bàtà wo Eléyín. Eléyín wo ilẹ̀. Ọkùnrin bàtà ti gbé ìyàwó rí, ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó dìde, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì bá bàbá arúgbó kan pàdé lórí àtẹ̀gùn tó ń mí gúlegúle.

Nígbà àkọ́kọ́, ìbínú ló gbé bàbá náà gòkè. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbẹ̀rù nítorí ọmọ rẹ̀ ni. Ó wọlé, kò lè sọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ pé kí wọ́n ṣe sùúrù, ó sì jókòó sórí àga, ó dorí kodò, ó ń wá èémí. Alárán bu omi fún un. Nígbà tó rí i pé ó ti ń balẹ̀, ó fa Eléyín lọ sójú fèrèsé. Ìbínú rẹ̀ kò lè dúró mọ́. Ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí nínú yàrá yẹn, igbe kò wúlò.

"Ta ló ní kí o tà wọ́n?"

"Mo ti rí ilé kan nísàlẹ̀, kò jìnnà sí yín. Yàrá mẹ́ta. Kò ní àtẹ̀gùn. Mo rò ó pé Bàbá lè ní yàrá tiwọn níbẹ̀, tí wọn kò bá kọ̀."

Alárán fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ. "O kò sọ fún mi."

"O kò wá."

"O lè wá sí ìsọ̀."

"Ẹ̀rù bà mí pé Bàbá á fi ọ̀pá gbá eyín mi. Ó sì ṣòro láti ṣe tara ẹni."

Alárán kò rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kù díẹ̀. "Gbọ́. Ohun tí o bá tà nítorí mi, ojú mi ni wàá ti máa wá a nígbà tí ilé bá dákẹ́. Mi ò fẹ́ ẹ. Kì í ṣe yàrá ló lé mi lọ."

"Kí ló lé ẹ lọ? Bàbá?"

"Ó rẹ̀ mí ni." Ohùn rẹ̀ tún sọ̀ kalẹ̀ sí i. "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń pariwo. Tí mo bá ti ìsọ̀ tán, mo máa ń jókòó sínú rẹ̀ fún wákàtí kan kí n tó lọ sílé, kí n má bàa tètè bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá wá délé, tí mo rí i tó ń dúró dè mí, inú á bí mi sí ara mi. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ràn tó Bàbá láyé yìí. Mi ò tíì sọ ọ́ fún un rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, torí a kì í ké irú ẹ̀ sókè. Mo sì fẹ́ràn ìwọ náà, òmùgọ̀ eléyín. Mi ò mọ bí mo ṣe máa pín ara mi."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sí ìsọ̀?"

Kì í ṣe Eléyín ló béèrè. Bàbá arúgbó náà kò tíì gbé orí sókè.

Alárán yíjú padà. Ó fara ti fèrèsé. "Bàbá," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán nǹkan wò. "Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀." Ó wá gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó wo àwọn aṣọ ara ògiri, ó wo òkè, ó wo ẹnu ọmọ rẹ̀. "Kí lẹ ṣe sí etí mi?"

Eléyín sún mọ́ ọn, ó tẹríba, kò sì gbé ohùn sókè. "A ò ṣe nǹkan kan sí i, Bàbá. Ohun tó kù nínú etí yín kò kéré. Ògiri ló ń da ọ̀rọ̀ pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, igbe sì ń dá kún un. Aṣọ tí ọmọ yín rán ti mú ìyẹn kúrò."

Bàbá náà yíjú kúrò lára rẹ̀. Alárán ló ń wò. "Sọ nǹkan míì," ló wí.

Alárán la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì sá. Ó wá èyí tó dára jù, kò rí i. Ohun tó jáde ni pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Bàbá arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún láàárín ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó gbé orí lé e lórúnkún, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Eléyín lọ dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ti lóye pé yàrá náà kò gba ẹni mẹ́ta nígbà yẹn.

Nígbà tí wọ́n pè é padà wọlé, bàbá náà ti nu ojú.

"Ìwọ, ilé yàrá mẹ́ta yẹn, ta ló rán ọ lọ wò ó fún mi? Mo ní ilé."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mi ò bínú. Ṣé a lè ṣe báyìí sí pálọ̀ tèmi?"

"A lè gbìyànjú."

"Má tíì ta nǹkan kan, nígbà náà. Ọmọ mi ní kì í ṣe títà."

Ìparí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe pálọ̀ náà. Àrán gba ògiri méjì, kápẹ́ẹ̀tì gba ilẹ̀. Kò dára tó yàrá òkè, nítorí àjà rẹ̀ jẹ́ páànù, òjò sì ń sọ tirẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta, bàbá náà ń gbọ́ méjì, ó sì ń fi orí méfò ẹ̀kẹta. Nígbà míì ó ń méfò rẹ̀ gbòdì, wọ́n á sì jà. Ìjà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí aládùúgbò kankan kò gbọ́. Àwọn aládùúgbò náà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló wá kó àpótí ìyàwó rẹ̀ kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ní kí Eléyín wá wò ó bóyá ó lè gba sípíkà. Ẹnu kùn ládùúgbò. Wọ́n ní ọkùnrin gidi kì í kó lọ bá àna. Eléyín dá wọn lóhùn pé sípíkà lòun ń kó lọ, òun kò tíì sọ ibi tí òun fúnra òun ń lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, òun àti Alárán dúró nínú yàrá náà. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án níbùú. Fèrèsé kan, ògiri kan tó wọ́, páìpù kan ní igun.

"Ó burú?" ni Alárán bi í.

"Ó burú ju tèmi lọ. Páìpù yẹn á máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ògiri tó wọ́ yẹn lè ràn wá lọ́wọ́. Ohùn kì í tètè rí ọ̀nà padà lára ògiri tó wọ́."

"Ìgbà wo ni ohùn máa tó dára níbí?"

Eléyín rò ó dáadáa, nítorí kì í fi ọ̀rọ̀ sípíkà ṣeré. "Ọdún kan, tí a bá kánjú. Ó lè di méjì."

"Mi ò lè máa bá àlejò ọkùnrin wọn ògiri nílé bàbá mi fún ọdún méjì. Ṣé o máa fẹ́ mi, àbí o kò ní fẹ́ mi?"

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo ilẹ̀, ó tún wò ó. "Ọjọ́ Àìkú ni mo ní kí n bi ẹ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀ jọ."

"Sọ ọ́ báyìí, olólùfẹ́ mi."

Ó wá a nínú orí rẹ̀, kò bá ẹyọ kan. "Mo fẹ́ máa bá ẹ gbé," ló rí sọ. "Títí."

"Ó tó," ni Alárán wí.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀.